Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Abẹ Ọkàn àti Àyà
Dókítà tó jáde ní Yunifásítì Bowen, Ìwó, tó fẹ́ di oníṣẹ́ abẹ ọkàn àti àyà, ṣì ní ọ̀pọ̀ ọdún níwájú ní ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH Ìbàdàn, àti ìdánwò West African College of Surgeons. Ìdánwò nìkan kò tó. Ọwọ́ ló ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Láti 1974 ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ tó ṣí ọkàn sílẹ̀ ní Enugu, síbẹ̀ ọ̀wọ́n ẹ̀rọ tó ń gbaṣẹ́ ọkàn ṣe kò jẹ́ kí iṣẹ́ pọ̀. Àwọn kan ní ká rán àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ yìí lọ sókè òkun. Ó dáa, ṣùgbọ́n rọ́bà tí a ń kì bọ àárín egungun ìhà láti fa ọyún tàbí ẹ̀jẹ̀ jáde kò nílò ẹ̀rọ yẹn. Ilé ni kí ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.