Wọ́n Tún Padà Lọ Pe Ìyá Àgbà

Nígbà ogun Hítílà, obìnrin kan tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní Amẹ́ríkà lọ bá àwọn ọmọ ogun ojú omi pé òun fẹ́ bá wọn ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kò sanra tó. Wọ́n tún ní ó ti dàgbà jù. Bẹ́ẹ̀, kò tíì pé 40 o. Ẹgbẹ́ àwa tí à ń kọ èyí ni, àwa tí a máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́, tí a sì rò pé a ṣì kéré. Grace Hopper lorúkọ rẹ̀. Kò fi wọ́n sílẹ̀, àfìgbà tí wọ́n gbà á wọlé ní 1943. Nígbà tó yá, wọ́n rán an lọ sí Harvard, sídìí ẹ̀rọ Mark I, ọ̀kan lára àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ láyé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ ṣì ń jẹ títí dòní. Ní 1952 ó gbé A-0 jáde, ètò tó ń bá ènìyàn to àṣẹ pọ̀ fún ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni compiler ti gbéra. Lẹ́yìn ìyẹn ló ṣe FLOW-MATIC, tó ń fi ọ̀rọ̀ Òyìnbó gidi pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ kan jókòó ní 1959 láti ṣe èdè kan tí iléeṣẹ́ gbogbo á lè jọ lò, FLOW-MATIC ni wọ́n wò ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Èdè yẹn ni COBOL. Owó oṣù, owó orí, owó báńkì, òun ni wọ́n fi ń ṣírò wọn.

Ó wá di ìparí 1966. Hopper ti pé 60, wọ́n sì ní kó lọ sinmi. Oṣù méje péré ló fi sinmi. Ní Oṣù Kẹjọ 1967 wọ́n ránṣẹ́ pè é padà, torí pé ọ̀rọ̀ COBOL ti dojú rú mọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi lọ́wọ́: ẹ̀ka kan ń lò ó báyìí, òmíràn ń lò ó lọ́nà tirẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ní kó wá fi bá àwọn tún un ṣe. Tí a bá yọ ìgbà díẹ̀ tó tún lọ sinmi ní 1971 kúrò, oṣù mẹ́fà náà wọ 1986.

Ọdún 1967 yẹn náà ni Amẹ́ríkà ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1965, Willard Wirtz, tó jẹ́ mínísítà fún iṣẹ́, ti jábọ̀ fún àwọn aṣòfin pé nǹkan bí ìdajì iṣẹ́ tó ń ṣí sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ aládàáni ni wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó ti lé ní 55 dé ìdí rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni wọ́n ti mọ́ ẹni tó lé ní 45. Kì í ṣe pé wọ́n dán wọn wò tí wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọjọ́ ìbí nìkan ni wọ́n wò. Ní Oṣù Kejìlá 1967, Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí òfin tó dáàbò bo òṣìṣẹ́ láti 40 ọdún sókè. Àmọ́ ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀: bí ènìyàn bá ti pé 65, ààbò tán. Ní 1978 wọ́n sún un dé 70. Ó di 1986 kí wọ́n tó mú ààlà yẹn kúrò fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni Hopper, ẹni ọdún 79, dágbére fún àwọn ọmọ ogun lórí ọkọ̀ USS Constitution ní Boston, ọkọ̀ tó ti wà lórí omi láti 1797. Kò lọ sílé. Digital Equipment Corporation gbà á síṣẹ́ olùdámọ̀ràn.

Òfin ò pa ìwà náà o. Ní 2007, Mark Zuckerberg, tó jẹ́ ẹni ọdún 22, dúró níwájú èrò ní Stanford, ó sì ní àwọn ọ̀dọ́ ló lọ́pọlọ jù. Ó dáa. Ní Oṣù Kẹrin 2020, kòrónà lé àwọn ènìyàn kúrò níbi iṣẹ́, èrò sì ya bo ètò tó ń san owó ìrànwọ́ fún àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ní New Jersey. Gómìnà Phil Murphy bọ́ síta, ó ní ẹni tó bá gbọ́ COBOL kó jọ̀ọ́ wá ran ìjọba lọ́wọ́. Ta ló gbọ́ ọ? Àwọn bàbá àti ìyá tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Kóòdù àtijọ́ ni àkísà ọ̀hún, a sì ń fi í bora láìmọ̀. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ò le rárá: kí àwọn àgbà yẹn tó lọ, ó yẹ kí ẹnì kan ti fi ọ̀dọ́ méjì mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Nílé ńkọ́? A máa ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, a máa ń kúnlẹ̀. Ká wá dé ọ́fíìsì. Níbì kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, ẹni tó bá ti lé ní 40 ti di “Daddy” nìyẹn: wọ́n á kí i dáadáa, wọn ò sì ní fún un níṣẹ́ tuntun kankan ṣe. Kò sì sí òfin tó máa fi gbèjà ara rẹ̀. Abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dárúkọ ẹ̀yà, ibi tí ènìyàn ti wá, ako tàbí abo, ẹ̀sìn àti èrò ìṣèlú. Kò dárúkọ ọjọ́ orí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn bàbá yín nìkan nìyí. Ní 2018 gbogbo wa pariwo Not Too Young To Run, ìjọba gbọ́, wọ́n sì sọ ọjọ́ orí ẹni tó lè du ipò ààrẹ kalẹ̀ láti 40 sí 35. Ṣùgbọ́n ìpolówó iṣẹ́ tó ní “kò gbọdọ̀ ju 26 lọ” ṣì wà káàkiri, ta ló bá a jà? Ìyanṣẹ́lódì ASUU jẹ oṣù mẹ́sàn-án ní 2020, ó tún jẹ oṣù mẹ́jọ ní 2022. Ọmọ tó wọlé ní 19 fún ẹ̀kọ́ ọdún márùn-ún, tó fara gba méjèèjì, tó wá ṣe agùnbánirọ̀ fún ọdún kan, á ti lé ní 26 kó tó kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ àkọ́kọ́. Kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan rí, wọ́n sì ti ní ó ti dàgbà jù.