Nígbà tí Ìjọba Bẹ̀rù Eré Orí Ìtàgé

Ní ọdún 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré kan. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà kò ní ìbọn, kò ní ọmọ ogun, kò sì du ipò òṣèlú kankan. Ìlù, orin, ijó àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbogbo ohun ìjà Hubert Ògúndé. Síbẹ̀, títí di ọdún 1966, kò gbọdọ̀ ṣeré ní ẹkùn tí wọ́n ti bí i.

Ọmọ Ọ̀sọsà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni Ògúndé. Ó ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá rí kí ó tó gba eré ṣíṣe ní iṣẹ́ òòjọ́. Lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ọdún 1945, ó gbé eré Strike and Hunger jáde. Àwọn aláṣẹ amúnisìn kò gbà á láàyè láti ṣe é ní Jos. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà èédú 21 ní Enugu. Ògúndé fi ìyẹn náà ṣe eré, ó pè é ní Bread and Bullet. Ẹni tí kò mọ ìwé kà pàápàá fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tó di ọdún 1962, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ Action Group pín sí méjì láàárín Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Ládòkè Akíntọ́lá. Ní ọdún 1963, Awólọ́wọ̀ wọ ẹ̀wọ̀n; Akíntọ́lá sì wà lórí àlééfà. Àárín ìjà yìí ni Yorùbá Ronú ti jáde. Eré náà dá lórí igbákejì ọba tó fa ọ̀gá rẹ̀ lé ọ̀tá lọ́wọ́, tó gorí ìtẹ́, tó sì ń ni ará ìlú lára títí wọ́n fi dìde sí i. Ògúndé kò pe orúkọ olóṣèlú kankan. Ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ìjọba mọ ẹni tí òwe náà ń bá wí.

Òfin náà kò pa á lẹ́nu mọ́. Èkó kò sí lábẹ́ àṣẹ ìjọba Ìbàdàn nígbà náà, Ògúndé sì ń ṣeré rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1965, ó fi eré mìíràn fèsì: Òtítọ́ Korò. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, ìjọba Adékúnlé Fájuyì mú òfin náà kúrò.

A kò lè sọ pé eré ló pa iná ọ̀tẹ̀. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1965, ilé jó, ẹ̀mí ṣòfò, nínú rògbòdìyàn tí wọ́n sọ ní wẹ́tìẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Àwọn tó yẹ kó ronú yàn láti di ẹnu ẹni tó ní kí wọ́n ronú. Ìjọba náà ti kọjá lọ, Ògúndé fúnra rẹ̀ sì papòdà ní ọdún 1990. Títí di òní, bí ìjà òṣèlú bá ti dé láàárín ọmọ Káàárọ̀-oòjíire, ọ̀rọ̀ méjì náà ni àgbà ń rán ọmọdé létí: Yorùbá, ronú.