Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Sydney

Ọ̀nà tó kúrú jùlọ láti Lọ́ńdọ̀nù dé Sydney, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, tó nǹkan bí 10,600 máìlì. Láti ayé àwọn baba ńlá wa, ọ̀nà yìí kò fi bẹ́ẹ̀ dín. Kí ló wá dé tí ìrìn oṣù mẹ́jọ fi di ìrìn ọjọ́ kan?

Ní oṣù Kárùn-ún 1787, ọkọ̀ ojú omi 11 gbéra ní Portsmouth, wọ́n kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n àti àwọn ẹ̀ṣọ́ wọn. Oṣù Kìíní 1788 ni wọ́n tó gúnlẹ̀ síbi tí Sydney wà lónìí. Bí ìyá ẹnìkan nínú wọn bá kú nílé, oṣù púpọ̀ ni yóò kọjá kí ó tó gbọ́.

Ní 1919, ìjọba Ọsirélíà ṣèlérí £10,000 fún ọmọ ilẹ̀ náà tó bá kọ́kọ́ fi ọkọ̀ òfurufú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ilé láàárín ọjọ́ 30. Ross Smith àti Keith ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pẹ̀lú Bennett àti Shiers tí ń tún ẹ̀rọ ṣe, gbéra ní Hounslow, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, wọ́n balẹ̀ sí Darwin, ní etí àríwá Ọsirélíà. Ó gbà wọ́n ní ọjọ́ 28.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò yìí o. Nínú ọjọ́ 28 náà, àkókò tí wọ́n lò lójú ọ̀run kò pé ọjọ́ mẹ́fà. Ilẹ̀ ni ìyókù bá lọ: oorun, epo rírọ, àtúnṣe. Ní Surabaya, ẹrẹ̀ gbé ọkọ̀ náà mì; ẹní oparun ni wọ́n tẹ́ kí ó tó lè sáré gbéra. Ọkùnrin mẹ́rin nínú àwọn tó bá wọn du ẹ̀bùn náà kú lójú ọ̀nà. Ross fúnra rẹ̀ àti Bennett kú ní 1922, níbi tí wọ́n ti ń dán ọkọ̀ òfurufú mìíràn wò.

Ní oṣù Kejìlá 1947, ọkọ̀ òfurufú Qantas gbéra ní Sydney, ó dúró ní Darwin, Singapore, Calcutta, Karachi, Cairo àti Tripoli, ó sì dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ kẹrin.

Kí ló fa ìdúró wọ̀nyí? Epo ni, epo sì wúwo. Ẹ wo alájàpá tó ń lọ sí ọjà òkèèrè: bí oúnjẹ ọ̀nà tó dì bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọjà tó lè rù yóò ṣe dín tó. Ní 1989, bàálù kan fò láti Lọ́ńdọ̀nù dé Sydney láìdúró rárá, ní wákàtí 20 àti ìṣẹ́jú 9; ṣùgbọ́n kò gbé èrò tó sanwó kankan. Ní 2018 ni àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Perth, ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, dé Lọ́ńdọ̀nù láìdúró, ní nǹkan bí wákàtí 17.

Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé ayé ti kéré, kí a rántí pé ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sún. Ìdúró ló ń dín, àwọn kan sì fi ẹ̀mí wọn la ọ̀nà náà.