Orin Tí Ó Ń Sùn Nínú Ìwé

Ní Abidjan níbí, Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Bí a bá ń sọ ìtàn ara wa, ti ọjà la sábà máa ń sọ. Lónìí, mo fẹ́ sọ ti orin.

Ní 1905, Samuel Coleridge-Taylor, ẹni tí dókítà ọmọ Sàró bí sí London, tẹ orin dùùrù 24 jáde. Ọ̀kan nínú wọn, "Oloba", orin Yorùbá ni. Victoria Randle ará Èkó ló kọ́ ọ ní orin náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọkùnrin yìí ti ta Hiawatha's Wedding Feast fún àwọn atẹ̀wé ní gíní 15 péré. Àwọn tó rà á jèrè rẹpẹtẹ. Nígbà tó kú ní 1912, lẹ́ni ọdún 37, ìdílé rẹ̀ kò ní ìpín nínú èrè orin náà. Nígbà tó yá, ayé gbàgbé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Ní 2022, ẹgbẹ́ Chineke!, tí Chi-chi Nwanoku dá sílẹ̀ ní London, gbé àwo orin rẹ̀ jáde. Inú mi dùn, àmọ́ ó ku ẹnì kan. Fela Sowande kọ Folk Symphony fún òmìnira Nàìjíríà ní 1960. Àwo tuntun ti iṣẹ́ yìí ni mò ń retí. MUSON ní Èkó kò ṣaláìní olórin. Ìwé kì í kọrin fúnra rẹ̀. Bí a bá ń dúró de London títí, ẹ má jẹ́ kó yà wá lẹ́nu bí èrè bá tún gba ibẹ̀ lọ.