Bí Líle àti Agbára Ṣe Di Ọ̀kan

Amọ̀ tí iná ti sun a máa le, ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ lulẹ̀, ó fọ́ nìyẹn. Irin a máa gba ìlù, ṣùgbọ́n ìlò a máa jẹ ẹ́. Ta ni yóò so méjèèjì pọ̀? Ní ilẹ̀ Jámánì, ilé-iṣẹ́ Osram ń wá ohun tí yóò rọ́pò dáyámọ́ńdì olówó iyebíye tí a fi ń fa wáyà gílóòbù. Ní ọdún 1923, Karl Schröter po ẹ̀lọ̀ tungsten carbide mọ́ ti cobalt, ó sì sun ún: cobalt yọ́, ó sì di àwọn hóró líle náà mú. Widia ni ilé-iṣẹ́ Krupp sọ ọ́, èyí ni “bí dáyámọ́ńdì”. Ní nǹkan bí ọdún 1969, a tún fi titanium carbide fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀: èèpo ń gba ìfarakínra, inú ń gba ìlù. Ọ̀kan kò borí èkejì. Àlébù ara wọn ni wọ́n ń bò.