Ìpolówó Ọjà ní Lapaz, Láti Ẹnu Oníkiri dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹnu ni wọ́n fi ń polówó ọjà ní Lapaz, lẹ́bàá Abeka ní ìlú Accra, kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Méètì, agbowó ọkọ̀ akérò tọ̀rótọ̀ró, ń pe èrò, oníkiri ń sáré tẹ̀ lé fèrèsé ọkọ̀. Àwọn Yorùbá tí ará Accra ń pè ní Aláta mọ iṣẹ́ yìí dunjú káàkiri Gánà, títí ìjọba Gánà lábẹ́ Busia fi pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ń polówó náà ló ń gba owó, ojú ẹsẹ̀ ló sì ń mọ̀ bí ohùn òun bá ta ọjà.

Ìwé ìròyìn àti rédíò mú kí mímọ èyí nira. Daily Graphic bẹ̀rẹ̀ ní 1950, Joy FM ní 1995, ṣùgbọ́n ẹni tó sanwó ìpolówó síbẹ̀ kò lè mọ òǹrajà tí ìpolówó náà mú wá. Ọdún 1995 náà ni Gánà wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní kíkún, nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ tí Nii Quaynor dá sílẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T ti gbé ìpolówó sórí ìkànnì HotWired ní 1994. Ìròyìn ni pé nínú 100 ènìyàn tó rí i, 44 ló tẹ̀ ẹ́. Látìgbà náà ni iye ìtẹ̀ ti di òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n tí kò péye rárá. Ojú tètè mọ́ àwọn ìpolówó náà, àwọn òǹkàwé sì ń fò wọ́n. Lónìí, ìtẹ̀ kì í sábà pé ẹyọ kan nínú 100. Èyí tó burú jù ni pé ẹni tó ti pinnu àtirà tẹ́lẹ̀ náà máa ń tẹ̀ ẹ́. Ní 2012, ìkànnì ọjà eBay dá ìpolówó tó ń sanwó fún lórí ẹ̀rọ ìwákiri, tó ń jáde fún ẹni tó bá wá orúkọ rẹ̀, dúró. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àwọn tó ń gba ibẹ̀ wọlé ló ṣì wá, wọ́n kàn gba ọ̀nà tí kò náni lówó ni.

Ká padà sí Gánà: Tonaton, ìkànnì tí àwọn òǹtajà ti ń polówó ọjà wọn, dé ibẹ̀ ní 2013. Ìpolówó ibẹ̀ kò ju àwòrán fóònù lórí tábìlì, iye owó ní sídì, orúkọ àdúgbò bíi Lapaz àti nọ́ńbà òǹtajà. Òǹrajà á pè, á béèrè bóyá ọjà ṣì wà, àti iye tí wọn yóò gbà jálẹ̀. Á wọ tọ̀rótọ̀ró, á sọ̀ ní Lapaz, á tan fóònù náà, á ki síìmù rẹ̀ bọ̀ ọ́, á ya fọ́tò kan wò, kó tó ka owó tàbí kó fi owó orí fóònù ránṣẹ́. Ìbẹ̀rù gbájú-ẹ̀ ló fà á, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìkànnì rí ìtẹ̀. Kò rí ìdúnàádúrà, kò rí owó.

Jiji, irú ìkànnì kan náà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2014, ra Tonaton ní 2022. Lára owó tó ń wọlé fún irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ ni èyí tí òǹtajà ń san kí ọjà rẹ̀ lè wà lókè. Òǹtajà tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó náà ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ bi gbogbo ẹni tó bá pè é níbi tó ti rí nọ́ńbà rẹ̀, kó sì dáwọ́ sísan dúró fún ìgbà díẹ̀ láti wò ó bóyá ìpè yóò dínkù. Kó má fi ìparí oṣù, tí owó oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, wé àárín oṣù, nítorí fóònù á máa dún ní ìparí oṣù, ìpolówó ìbáà wà tàbí kó má sí.