Ẹni Tó Lu Ilẹ̀ ní Barcelona

Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá sí Accra. Darkuman ni èmi ti ń gẹrun fún ènìyàn. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 1999, ìdajì àdúgbò ló kún ṣọ́ọ̀bù mi, tí wọ́n dojú kọ tẹlifíṣọ̀n kékeré kan. Bayern Munich àti Manchester United ń gba àṣekágbá Champions League ní Barcelona. Ọmọ Kumasi, Samuel Osei Kuffour, ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún Bayern.

Mario Basler ti fi góòlù kan sínú àwọ̀n fún Bayern láti ìṣẹ́jú kẹfà. Títí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú fi pé, àwọn ará ẹ̀yìn kò jẹ́ kí ohunkóhun kọjá. Nínú àfikún àkókò ni Sheringham dá a padà fún United, tí Solskjaer sì fi ìkejì lé e. Kuffour wó lulẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lu koríko, ó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ìyá ọlọ́sàn tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà mi bá a sunkún.

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kuffour kò tíì pé ọmọ ọdún 23 lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní Barcelona yìí kan náà ló ti wà nínú ikọ̀ Ghana tó gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ ní Òlíńpíìkì ọdún 1992, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 15. Torino ní Ítálì ló kọ́kọ́ mú un, kí Bayern tó gbà á ní 1993.

Iwájú ló wò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2001, ní Milan, Bayern fi pẹnárítì borí Valencia, ife náà sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ní Tokyo, wọ́n pàdé Boca Juniors. Ọ̀mì ni títí di ìṣẹ́jú 109, kí Kuffour, ará ẹ̀yìn, tó gbá góòlù kan ṣoṣo tó parí ìjà. BBC fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà tó dára jù lọ lọ́dún náà. Èmi náà pe ayàwòrán, ó ya orí rẹ̀ àti ẹ̀wù pupa sára pátákó ṣọ́ọ̀bù mi.

Ní 2006, Ghana dé Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ tí a bá Ítálì gbá a, bọ́ọ̀lù tí Kuffour fẹ́ dá padà fún aṣọ́lé kò lágbára tó. Iaquinta já a gbà, ó di 2-0. Shilla Illiasu ló bọ́ sípò rẹ̀ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì.

Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà mi kan ní kí n ha àwòrán yẹn kúrò lára pátákó. Mo gbé abẹ sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àgbà ló ṣubú yìí, ẹ wo ẹ̀yìn." Mo ka ọdún méjìlá ní Bayern fún un, àti ife líìgì Jámánì mẹ́fà. Ó dákẹ́, mo sì parí irun rẹ̀.

Oòrùn ti jẹ ojú àwòrán náà báyìí, ẹ̀wù pupa nìkan ló hàn díẹ̀. Pátákó náà ṣì wà níbẹ̀.